Amaza Lee Meredith, ayàwòrán tó ya ilé ara rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ wa, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Inú èdè wa ni mo fẹ́ ti mú ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kun àwòrán sára aṣọ tàbí bébà, ayàwòrán là ń pè é. Ẹni tó ń ya bí ilé yóò ṣe rí kí àwọn bíríkìlà tó dé, ayàwòrán-ilé la máa ń pè é. Orúkọ kan náà ni. Ilé nìkan la fi kún ti ẹnìkejì. Èdè Yorùbá wo àwọn méjèèjì bí ọmọ ìyá, nítorí ọwọ́ tó ń fa ìlà ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ́ ayàwòrán-ilé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ẹni tó bá sì ń kun àwòrán kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí, Amaza Lee Meredith, kò gba ìwé àṣẹ yẹn títí ó fi kú. Síbẹ̀, ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, tí wọ́n sì kọ́ parí ní ọdún 1939, ṣì wà lórí ìdúró ní abúlé Ettrick ní ìpínlẹ̀ Virginia, lẹ́bàá yunifásítì tó ti ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ méjì ló ní, tó ń kun àwòrán lápá kan, tó sì ń yalé lápá kejì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé ayàwòrán tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló kọ́ ilé yẹn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ronú nípa ilé ní láti wo bí ó ṣe ń lo ọ̀dà.

Ìlú Lynchburg ní Virginia ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1895. Emma Pink Kenney, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ni ìyá rẹ̀. Samuel Peter Meredith ni bàbá rẹ̀. Òyìnbó ni, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, àtẹ̀gùn inú ilé ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú wọ̀n. Bí ìtẹ̀sẹ̀ kan bá fi nǹkan bí ìbú ìka kan ga ju àwọn yòókù lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún yóò kọ, ó sì lè ṣubú. Igi ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ, nítorí níbi tí àtẹ̀gùn bá ti yípo, igi náà ní láti máa tẹ̀, kí ó sì máa gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi ayùn kan irú igi bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí ó lè rí ibi tí ìtẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nínú ilé tí Amaza dàgbà sí, ìlà ni wọ́n ń fà kí wọ́n tó jẹun.

Òfin Virginia nígbà náà kò gbà kí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú fẹ́ ara wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ti jọ ń gbé, wọ́n sì ti bímọ, kí wọ́n tó rìnrìn àjò lọ sí Washington láti lọ ṣe ìgbéyàwó tí ìpínlẹ̀ tiwọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tó sì bí ìdájọ́ náà, láti Virginia yìí kan náà ló ti wá. Nígbà tí àwọn òyìnbó ìlú mọ̀ pé Samuel Meredith ti gbé obìnrin aláwọ̀ dúdú níyàwó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1915, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí 20 ọdún ni Amaza nígbà náà. Ó wù mí kí ẹ rántí èyí nígbà tí a bá dé ìdí ilé tó kọ́ fún ara rẹ̀, nítorí ọmọ ẹni tí òfin kò jẹ́ kí ó gbé ayé rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ló kọ́ ọ.

N kò ní pẹ́ lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ó sì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ettrick, ní òdìkejì odò Appomattox sí ìlú Petersburg, ní ọdún 1922. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ló di Virginia State University lónìí. Ó padà sí Lynchburg láti lọ kọ́ni ní ìṣirò, èyí tí kò yà mí lẹ́nu fún ọmọ káfíńtà alátẹ̀gùn. Ní 1926 ó ṣí lọ sí New York, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Yunifásítì Columbia. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1930 àti oyè kejì ní 1934. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn ló ti padà sí Ettrick láti máa kọ́ni, ní 1935 sì ni ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, tó sì di olórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀kọ́ ilé yíyà kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ọ̀nà yẹn há fún aláwọ̀ dúdú, ó sì há ju bẹ́ẹ̀ lọ fún obìnrin. Robert Robinson Taylor, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jáde nínú ẹ̀kọ́ ilé yíyà ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ti parí láti 1892, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni. Ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ ayàwòrán-ilé ní Amẹ́ríkà, Beverly Loraine Greene, 1942 ló gbà á ní Illinois. Ní New York, ó di 1954 kí Norma Sklarek, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn, tó gba tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ilé Meredith fi ṣáájú ìwé àṣẹ Greene. Bí ó bá ní òun yóò dúró de ìwé kí òun tó kọ́lé, kò bá má kọ́lé.

Ohun tí New York fún un ni ojú. Ní 1929 ni wọ́n ṣí ilé ọnà ìgbàlódé sí ìlú náà, ní 1932 sì ni ilé ọnà yìí pàtẹ àwòrán àti àpẹẹrẹ àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Faransé, Jámánì àti Họ́láńdì, àwọn ilé funfun tí òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí fèrèsé wọn sì gùn bí ọ̀já. Ìgbà yẹn gan-an ni Meredith ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Columbia àti Ettrick. Nígbà tó fi máa di pé ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó ti mọ irú ilé tó fẹ́, kò sì sí irú rẹ̀ ní àdúgbò yẹn. Àwọn ilé tó yí i ká jẹ́ ilé bíríkì tàbí ilé pákó tí òrùlé wọn ga ṣóńṣó.

Ẹ jẹ́ ká wá rìn lọ síbi ilé náà báyìí. Azurest South ni orúkọ rẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni, kò ga. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Òrùlé rẹ̀ tẹ́, èèyàn lè gun orí rẹ̀ lọ jókòó, irin róbótó bíi ti ojú ọkọ̀ òkun ni wọ́n sì fi ṣe ọgbà sí etí rẹ̀. Etí òrùlé yẹn gba ọ̀dà tó wà láàrin búlúù àti gíríìnì, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ń wo ilé náà lókèèrè, ìlà àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń sáré yí funfun náà ká. Ìlà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ mọ́ ọn. Kò gbé òrùlé ró, kò sì dí òjò. Ayàwòrán ló fà á, bí a ṣe ń fi ìlà kan pààlà àwòrán kí ojú má bàa sá kúrò nínú rẹ̀.

Igun ilé náà kan wà tí kò ní igun rárá. Ògiri ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tó yẹ kí ó ṣẹ́, ó tẹ̀, ó sì wọ ẹ̀gbẹ́ kejì wẹ́rẹ́ láìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi pẹ́ńsù ya ìlà tó tẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ó rọrùn láti yà á burúkú, nítorí bí ọwọ́ bá ṣiyèméjì lẹ́ẹ̀kan péré, ojú á rí i. Kí ẹ wá fojú inú wò ó pé búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin ni wọ́n ní kí bíríkìlà fi mọ ìlà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yà á ní láti mọ ibi tí ìtẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní láti sọ ọ́ fún ẹni tó ń tò ó, búlọ́ọ̀kù kan tẹ̀lé ìkejì. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló tọ́ka sí Yúróòpù bí ìdí igun yìí, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń tẹ igi ìdìmú àtẹ̀gùn ló yà á, èmi kò sì lè wo ògiri yẹn kí n má rántí Samuel Meredith.

Ó tún fi búlọ́ọ̀kù gíláàsì sí ara ilé náà. Gíláàsì yìí kò dà bíi ti fèrèsé. Ó nípọn, ojú rẹ̀ ń rú, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóde kò lè dá ojú ẹni tó wà nínú ilé mọ̀. Àwọn tó ń kọ́lé ìgbàlódé nígbà náà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé tuntun ni. Mo rò pé Meredith ní ìdí mìíràn tó fi wúlò fún un, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé ilé yìí. Òun àti Edna Meade Colson ni wọ́n jọ kọ́ ọ, tí wọ́n sì jọ gbé inú rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ wọn. Olùkọ́ ńlá ni Colson, ọmọ ìdílé aláwọ̀ dúdú tó lórúkọ ní Petersburg, tó darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1940. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ìfẹ́ yẹn sì wà nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn. Virginia tí kò gbà kí òbí Meredith jẹ́ tọkọtaya kò ní ojú rere fún obìnrin méjì tó jọ ń gbé bẹ́ẹ̀. Ògiri tó ń jẹ́ kí oòrùn wọlé, tí kò jẹ́ kí ojú ayé wọlé, ni ògiri tó bá ìgbé ayé wọn mu.

Inú ilé ni ayàwòrán ti bọ́ aṣọ lára pátápátá. Lóde, funfun ló pọ̀ jù. Nínú, àwọ̀ ló ń ké sí àwọ̀. Ilé ìdáná kò pa rọ́rọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà. Àwọ̀ tó gbóná ló lò síbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ń fi gíláàsì aláwọ̀ dán. Ilẹ̀, ògiri, títí kan òkè àjà, kò sí èyí tó fi sílẹ̀ láìfi ọnà kàn. Lójú tèmi, ibí ni Meredith ti yàtọ̀ sí àwọn ọkùnrin Yúróòpù tí wọ́n fi í wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kí ilé dà bí ẹ̀rọ, kí ohun tí kò bá ní iṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Meredith gba ògiri gbọọrọ àti òrùlé títẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fi wọ́n ṣe aṣọ tí yóò kun àwòrán sí. Ó ní yàrá iṣẹ́ ọnà nínú ilé náà pẹ̀lú, níbi tó ti ń kun àwòrán gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti inú yàrá yẹn jáde sí pálọ̀ kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Orúkọ ilé náà sọ nǹkan pẹ̀lú. Inú ọ̀rọ̀ méjì ló ti fa Azurest yọ, àwọ̀ ojú sánmọ̀ àti ìsinmi. Àwọn àgbà wa ní ilé làbọ̀ sinmi oko, mo sì gbà pé Meredith yóò mọ adùn ọ̀rọ̀ yẹn bí a bá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fi gúúsù kún orúkọ náà nítorí pé Virginia ló wà. Nígbà tó yá, ti àríwá wà pẹ̀lú, ìtàn tirẹ̀ sì fẹ̀ ju ilé kan lọ.

Maude Terry, ẹ̀gbọ́n Amaza, jẹ́ tíṣà ní Brooklyn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń lọ sí Sag Harbor, ìlú kan ní ìlà-oòrùn erékùṣù Long Island, tó jẹ́ èbúté àwọn ọdẹ àbùùbùtán láyé àtijọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gbé ní àdúgbò Eastville níbẹ̀ láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ti wà láti 1840. Terry rí i pé igbó lásán ló wà láàrin Eastville àti etí omi, kò sí ẹni tó ń lò ó. Ní àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ etí òkun ní Amẹ́ríkà ni aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ tẹ̀, báǹkì kì í sì í fẹ́ yá wọn lówó ilé, bó ti wù kí owó oṣù wọn dára tó. Ní 1947, Terry lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì, kí òun máa bá a tà á fún àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ òun.

Báyìí ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe bẹ̀rẹ̀ Azurest North. Terry ń wá oníbàárà láàrin àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀ ní New York. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, kí àwọn tí báǹkì lé padà lè rí ọ̀nà san owó tiwọn. Iṣẹ́ Amaza ni pẹ́ńsù. Ó ya ilé ìsinmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Terry Cottage. Ọ̀kan nínú àwọn títì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Terry Drive di òní. Kò pẹ́ tí àdúgbò méjì mìíràn, Sag Harbor Hills àti Ninevah Beach, fi tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, tí aláwọ̀ dúdú sì kọ́lé sí wọn. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ibi ìtàn. Lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti wọ́n débi pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ rà á ń bẹ̀rù pé àwọn olówó yóò ra gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí èyí, nítorí ohun tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí tà fún àwọn èèyàn wọn ju ilẹ̀ lọ. Wọ́n tà fún wọn ní ibi tí ọmọ wọn ti lè wọ inú omi láìsí ẹni tí yóò lé e jáde.

Meredith fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní 1958. Kò fi pẹ́ńsù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀dà sílẹ̀. Ó ń kun àwòrán, ó ń ya ilé fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ó tọ́jú fọ́tò, ìwé ìkànwé, àwòrán ilé àti lẹ́tà rẹ̀ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun kò bá pa ìtàn ara òun mọ́, kò sí ẹni tí yóò bá òun pa á mọ́. Wọ́n wà ní ilé ìkàwé Virginia State University títí di òní. Àwọn tó sún mọ́ ọn ń pè é ní Mazie, orúkọ yìí ni wọ́n sì fi ṣe àkọlé ìpàtẹ kan nípa rẹ̀ ní ilé ọnà kan ní ìlú Richmond ní 2024, ní 40 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó kú ní 1984. Colson tẹ̀lé e ní ọdún tó tẹ̀lé e. Meredith ti fi ìpín tirẹ̀ nínú ilé náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí ni ilé náà sì bọ́ sí. Ní 1993, ìjọba àpapọ̀ kọ Azurest South sínú ìwé àwọn ibi ìtàn. Ìwé tí wọ́n ń kọ irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ní àyè kan tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ ayàwòrán-ilé. Amaza Lee Meredith ni wọ́n kọ síbẹ̀.